Ṣé kúìsì lórí fíìmù àtijọ́ tá a ń dá owó sí lè di tẹ́tẹ́?

Ìbéèrè: Assalaamu alaykum, Àáfà wa. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ń dà mí láàmú. Ọmọ ọdún 27 ni mí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ràn àwọn fíìmù àtijọ́ tó máa ń mú àyà èèyàn já, àwọn ti Hitchcock tó máa ń darí fíìmù, Columbo, The Twilight Zone àtàwọn tó jọ ọ́. Gbogbo alẹ́ Sátidé la máa ń ṣe kúìsì lórí wọn, ẹnì kan á máa bèèrè, àwọn tó kù á máa dáhùn. Kó lè dùn la bá ní kí kálukú máa mú iye kan náà wá, ẹni tó bá gba máàkì jù ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì gbẹ̀yìn, "Olódo" la ó máa pè é títí di Sátidé míì. Èmi náà ti kó owó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ní tẹ́tẹ́ ni, mo ní kì í ṣe tẹ́tẹ́ torí ọpọlọ la fi ń ṣe é. Ìkejì, nígbà míì aago kan òru máa ń lù kí n tó kírun Iṣáì, bí mo bá sì wà lórí ìrun, ìdáhùn tí mi ò rántí níbi kúìsì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bèèrè ibi tí Hitchcock fúnra ẹ̀ ti yọjú nínú fíìmù ẹ̀ Lifeboat, mi ò rántí, àfi ìgbà tí mo dé rákáà kejì ìrun Àsùbáà.

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam waramọtullahi wabarakaatuhu. Àbúrò mi, kí Ọlọ́hun bá wa fi kún ìbẹ̀rù Rẹ̀ nínú ọkàn ẹ, torí ẹni tó ń gbádùn nǹkan tó tún dúró bèèrè pé ṣé Ọlọ́hun yọ̀ǹda ẹ̀, irú wọn ò pọ̀. Bá mi kí ìyàwó ẹ o, ó rí nǹkan tí ìwọ ò rí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí ò ní wàhálà nínú kúrò ńlẹ̀. Káwọn èèyàn máa bi ara wọn ní ìbéèrè láti fi dán ọpọlọ wò, kò sí háráámù níbẹ̀, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra ẹ̀ ṣe é. Ó wà nínú Bukhari, Abdullahi ọmọ Umar ló sọ ọ́, pé Ànábì bi àwọn sàhábà pé igi kan wà tí kì í wọ́wé, òun ló dà bíi Mùsùlùmí, ẹ sọ igi náà fún mi. Ọkàn àwọn èèyàn bá ń lọ sórí oríṣiríṣi igi inú ìgbẹ́. Abdullahi ní ó wá sóun lọ́kàn pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun torí òun lòun kéré jù níbẹ̀, Abubakar wà níjòókòó, Umar wà níjòókòó, àwọn méjèèjì ò sì fọhùn. Ni wọ́n bá ní kí Ànábì sọ ọ́ fáwọn, ó ní igi dàbínù ni. Ìgbà tí Abdullahi wá sọ fún bàbá ẹ̀ lẹ́yìn náà, Umar ní ká ní o sọ ọ́ jáde ni, inú mi ì bá dùn ju kí n ní báyìí báyìí lọ. Ìwọ tó ò ń ṣe kúìsì, o mọ bó ṣe máa ń rí kí ìdáhùn wà lẹ́nu èèyàn kó má lè sọ ọ́! Bukhari tiẹ̀ fi hádíìsì yìí ṣe àkòrí kan nínú ìwé ìmọ̀, pé kí aṣíwájú máa ju ìbéèrè sáwọn èèyàn ẹ̀ kó lè mọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Ibi tó ti dojú rú ni owó yẹn. O ní ọpọlọ lẹ fi ń ṣe é, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpọlọ tàbí oríire nìkan làwọn onímímọ̀ wa ń wò kí wọ́n tó pe nǹkan ní tẹ́tẹ́. Wọ́n ń wò ó pé ṣé gbogbo àwọn tó ń ṣeré ló mú owó sílẹ̀, tó jẹ́ pé kálukú ń wọ̀ ọ́ láì mọ̀ bóyá tàwọn tó kù lòun máa kó ni àbí tòun ló máa lọ. Ẹ̀yin márààrún ń mú owó wá, ẹnì kan ń kó tàwọn mẹ́rin, kí la tún fẹ́ pe ìyẹn? Ànábì sì sọ nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá pé kò sí owó ìdíje àfi lórí ràkúnmí, ẹṣin, tàbí ọfà. Àwọn onímímọ̀ kan, bí àwọn Hanafi àti Ibn Taymiyyah, fi ìdíje lórí ìmọ̀ ẹ̀sìn kún un torí òun náà ń gbé ẹ̀sìn ró. Ibi tí Hitchcock ti yọjú nínú fíìmù kì í ṣe ara ìmọ̀ yẹn, àbúrò mi.

Ọlọ́hun sọ ní súrà karùn-ún, áyà 90 àti 91, pé ẹ̀gbin ni tẹ́tẹ́ nínú iṣẹ́ ṣàítánì, ẹ jìnnà sí i, Ó wá ní ohun tí ṣàítánì ń fẹ́ ni kó fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín yín, kó sì ṣẹ́ yín lórí kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Ka áyà yẹn, kó o wá padà ka ìbéèrè tó o kọ sí mi. Ìrun tó ń pẹ́ wà níbẹ̀. Orúkọ "Olódo" tẹ́ ẹ ń pe ọ̀rẹ́ yín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, òun náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti ní ká má fi orúkọ burúkú pe ara wa, súrà 49, áyà 11. Ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lónìí.

Tí ẹlòmíì tí kò bá yín ṣeré bá wá ní òun fẹ́ fún ẹni tó bá mókè ní ẹ̀bùn ńkọ́? Àwọn onímímọ̀ òde òní kan gbà á láyè torí kò sẹ́ni tó máa pàdánù nínú àwọn tó ń ṣeré, àwọn kan ní hádíìsì yẹn ti dí i. Ní tèmi, ẹ yọ ẹ̀bùn kúrò níbẹ̀ pátápátá, ọkàn mi balẹ̀ sí ìyẹn jù, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.

Nǹkan míì wà tó o ò bèèrè, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Columbo, ẹ mọ ìbéèrè yẹn pé kí ni orúkọ tí wọ́n sọ Columbo, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ẹ̀. Fred Worth ló kọ ọ́ sínú ìwé kúìsì ẹ̀ lọ́dún 1974 pé Philip ni. Irọ́ ni, òun fúnra ẹ̀ ló hun ún, ó fi dẹ pàkúté sílẹ̀ fún ẹni tó bá máa jí ìwé òun kọ. Ìgbà tó yá Philip yọ nínú ìbéèrè eré kúìsì kan, Trivial Pursuit, Worth bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 1984, mílíọ̀nù 300 dọ́là ló ní kí wọ́n san. Àwọn tó ṣe eré náà ò jiyàn pé àwọn lo ìwé ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé míì, ilé ẹjọ́ ní kò sẹ́ni tó lè fi òkodoro ọ̀rọ̀ ṣe ti ara ẹ̀ nìkan, nígbà tó sì di 1987 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ inú fíìmù yẹn gangan, tí wọ́n bá sún mọ́ káàdì ọlọ́pàá ẹ̀ dáadáa, Frank ló wà níbẹ̀. Wo iye èèyàn tó máa ti sọ Philip tí wọ́n sì ní ó gbà á, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kàn jókòó hun. Ọlọ́hun ní má ṣe tẹ̀ lé ohun tí o kò ní ìmọ̀ nípa ẹ̀ (súrà 17, áyà 36), Ànábì sì ní ègbé ni fún ẹni tó ń parọ́ kó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Eré ni o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá kàn ẹ́ láti bèèrè, ohun tó o fojú ara ẹ rí nínú fíìmù ni kó o bèèrè, tí wọ́n bá sì já ẹ ní koro, gbà.

Fíìmù náà fúnra ẹ̀, o mọ ibi tó yẹ kó o ti gbójú kúrò, mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Ọ̀rọ̀ ìrun ló dùn mí jù. Tó o bá ti ń kí Iṣáì ní aago kan òru, o ti ń fi ìrun ẹ ṣeré, torí hádíìsì tó wà nínú Sahih Muslim ní ìdajì òru ni àsìkò Iṣáì dé, níbòmíì ìdajì òru ti kọjá kí aago kan tó lù. Ànábì ò sì fẹ́ràn kéèyàn sùn ṣáájú Iṣáì, kò fẹ́ràn ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ kírun yín pa pọ̀ ná, ẹ ṣe kúìsì díẹ̀, kí kálukú lọ sùn kó lè rí Àsùbáà kí. Àbí kí ló dé tí kò lè jẹ́ ọ̀sán Sátidé gan-an?

Ìdáhùn tó ń wá sí ẹ lọ́kàn lórí ìrun yẹn, Ànábì ti sọ ẹni tó ń gbé e wá. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé tí wọ́n bá pe ìrun, ṣàítánì á sá lọ, tí wọ́n bá gbé ìrun dúró tán á padà wá, á máa sọ fún èèyàn pé rántí báyìí, rántí tọ̀hún, ohun tí èèyàn ò rántí tẹ́lẹ̀, títí olúwa ẹ̀ ò fi ní mọ iye tó kí mọ́. Lálẹ́ Sátidé tí ìdáhùn yẹn wúlò fún ẹ, kò rán ẹ létí. Ó dúró dìgbà tó o dé rákáà kejì, ó wá fi àwòrán Hitchcock nínú ìpolówó oògùn tó ń dín sísanra kù, nínú ìwé ìròyìn inú Lifeboat yẹn, hàn ẹ́, níwájú Ọlọ́hun. Uthman ọmọ Abul-Aas mú irú ẹjọ́ yìí wá bá Ànábì, ó ní ṣàítánì ń da ìrun rú mọ́ òun lójú, Ànábì ní Khinzab lorúkọ ẹ̀, tó o bá ti mọ̀ ọ́n lára, wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, kó o tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ṣe é, Ọlọ́hun sì mú un kúrò. Ìwọ náà ṣe é, má wulẹ̀ tún lé ìdáhùn yẹn kiri.

Ó ku owó ẹ̀ẹ̀mẹta tó o kó. Má fi jẹun, má fi ṣe nǹkan kan. Ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ máàkì sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì ní in, ṣí i sí Sátidé mẹ́ta yẹn, wo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kó o dá ti kálukú padà fún un. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà á, ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún wọn, tí ẹnì kan bá wà nínú wọn tó ò lè rí mọ́, fi tiẹ̀ ṣe sàráà lórúkọ ẹ̀. Kó o tún yọ sàráà tìẹ náà sọ́tọ̀, torí Ànábì sọ pé ẹni tó bá tiẹ̀ kàn sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé wá ká ta tẹ́tẹ́, kó yáa ṣe sàráà. Ìyàwó ẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún pé o ti bẹ̀rẹ̀.