Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa: Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀ Nínú Àwọn Prósẹ́sọ̀ Sáfà Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣiṣẹ́, a sì fẹ́ ra sáfà àlòkù kan tí a ó gbé dátábéèsì wa sí, tí yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Mẹ́ta ni wọ́n fi hàn wá. Àkọ́kọ́ ní prósẹ́sọ̀ Xeon X5690 méjì, èkejì ní Xeon E5-2670 méjì, ẹ̀kẹta sì ní Xeon E5-2680 v4 kan ṣoṣo. GHz ti àkọ́kọ́ ló ga jù, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ̀kẹta ló wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ GHz rẹ̀ kò ju 2.4 lọ. Ṣé kì í ṣe àkọ́kọ́ ló yẹ ká mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀kẹta ni kí ẹ mú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí owó yín ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ kábàámọ̀.

Ohun tí GHz ń sọ kò ju iye ìgbà tí prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò sọ iye iṣẹ́ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń parí. Ẹni tó ń yára gbé ọkọ́ sókè sódò lè má kọ ebè tó ẹni tó ń rọra kọ ọ́, bí ọkọ́ ẹni kejì bá ń bu iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. X5690 jáde ní ọdún 2011, E5-2670 jáde ní 2012, E5-2680 v4 sì jáde ní 2016. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Intel tó ń ṣe Xeon tún inú core (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú prósẹ́sọ̀) ṣe gidigidi, débi pé bí core v4 kan àti core X5690 kan bá ń lù ní iye kan náà, ti v4 ni yóò parí iṣẹ́ púpọ̀ jù. Yàtọ̀ sí èyí, ìpìlẹ̀ ni 2.4 tí ẹ rí yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ kò bá wúwo lórí gbogbo core, ó lè gòkè dé 3.3.

Bí a bá ní ká ka core, àkọ́kọ́ ní 12, èkejì ní 16, ẹ̀kẹta ní 14. Nínú iṣẹ́ tó ṣeé pín sí wẹ́wẹ́, core 16 ti èkejì lè sún mọ́ core 14 ti ẹ̀kẹta gan-an, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n dátábéèsì ni ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀, ojú mẹ́mọ́rì ni dátábéèsì sì máa ń wò. X5690 kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta sí mẹ́mọ́rì DDR3, èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà kọjá kò sì ju 32 GB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. E5-2670 kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin, tirẹ̀ jẹ́ 51.2 GB. Ti E5-2680 v4, tó ń lo DDR4, ìran mẹ́mọ́rì tó tẹ̀lé DDR3, jẹ́ 76.8 GB. Prósẹ́sọ̀ tó bá ń dúró de mẹ́mọ́rì, òfo ni GHz rẹ̀ ń lù. Bákan náà, nínú sáfà oníprósẹ́sọ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, tí ohun tí ọ̀kan ń wá bá sì wà lọ́dọ̀ èkejì, ó di dandan kó kọjá sọ́hùn-ún lọ mú un wá, ìyẹn sì ń gba àkókò.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò iná, nítorí ibẹ̀ ni owó gidi wà. Wáàtì tí Intel kọ fún X5690 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 130, ti E5-2670 jẹ́ 115, ti E5-2680 v4 jẹ́ 120. Èyí já sí 260 fún àkọ́kọ́, 230 fún èkejì, àti 120 péré fún ẹ̀kẹta. Kì í ṣe iye tí mítà yóò kà gẹ́lẹ́ nìyẹn, nítorí fáànù, dísíìkì àti mẹ́mọ́rì náà ń jẹ iná tiwọn, prósẹ́sọ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́ tagbáratagbára. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ìyàtọ̀ wọn kò ju wáàtì 100 lọ: wáàtì 100 tọ̀sán tòru fún ọdún kan jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 876. Ẹ fi iye tí ẹ ń san lórí ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ rò pé ẹ ó rí fi pamọ́ lórí ríra àkọ́kọ́.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sábà sọ: sọ́fúwíà tuntun ń kọ prósẹ́sọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. X5690 kò ní AVX (àwọn àṣẹ inú prósẹ́sọ̀ tó ń ṣírò ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan) rárá, sọ́fúwíà dátábéèsì MongoDB láti ẹ̀dà 5.0 kò sì ní gbà láti ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ Intel tí kò bá ní in. E5-2670 ní AVX ṣùgbọ́n kò ní AVX2 tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ Red Hat Enterprise Linux 10, irú Linux kan tí wọ́n ń lò lórí sáfà, tó jáde ní 2025, ń béèrè AVX2. Nínú ìdílé Xeon E5-2600, orí v3 (ìyẹn ìran kẹta) ti ọdún 2014 ni AVX2 ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má ra èyíkéyìí tó bá ṣáájú v3 mọ́ fún iṣẹ́ tó fẹ́ kó pẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú yín, kí ẹ tẹ lscpu sórí Linux, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Flags sí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló tò síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹ wá avx2 láàárín wọn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá owó yín padà sápò.

ÌBÉÈRÈ: A gba E5-2667 v2 tó ní core 8 kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a fi E5-2699 v4 tó ní core 22 rọ́pò rẹ̀. Ètò tí a fi ń ṣírò owó oṣù kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé wọ́n ta ayédèrú fún wa ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí prósẹ́sọ̀ yín má ní àbùkù kankan. Nígbà tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí top, àṣẹ Linux tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn, kí ẹ tẹ 1, gbogbo core yóò sì tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tó wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún, tí àwọn yòókù jókòó tẹtẹrẹ, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ara wọn ni iṣẹ́ náà ń tò sí, kò sì sí bí ẹlòmíràn ṣe lè bá core yẹn gbé e. E5-2667 v2 ń gòkè dé 4.0 GHz, E5-2699 v4 ń gòkè dé 3.6, ohun tí core tuntun fi dára ju ti àtijọ́ lọ ni GHz tó dín kù ti gbà padà.

Gene Amdahl ti sọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1967. Bí ìdámẹ́rin iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, core mélòó kan tí ẹ wù kí ẹ kó jọ, iṣẹ́ náà kò lè yára ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Lórí core 8, yóò yára tó ìlọ́po 2.9; lórí core 22, ìlọ́po 3.5 péré. Ẹ wo bí core mẹ́rìnlá tí ẹ fi kún un ṣe mú nǹkan díẹ̀ wá!

Ẹ má wulẹ̀ ra prósẹ́sọ̀ mìíràn tó lè wọ bọ́ọ̀dù yín, nítorí nínú ìdílé v4 yìí, E5-2667 v4 tó jẹ́ oní-core 8 náà kò kọjá 3.6. Ìwé òṣìṣẹ́ ni kí ẹ pín sí ọ̀nà bíi mẹ́jọ, kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó kọ ètò yín bá lè gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lo Windows Server, ẹ rántí pé láti ẹ̀dà 2016 ni wọ́n ti ń fi iye core díwọ̀n owó ìwé àṣẹ, ó kéré tán 16 lórí sáfà kan, nítorí náà ẹ ń sanwó lórí àwọn core tó jókòó yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ki mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà orí tábìlì bọ inú sáfà mi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀ nípa AMD náà.

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ sáfà àlòkù ló ń lo mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní registered, kò sì lè bá ti orí tábìlì gbé pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù kan náà. Nígbà tí èmi ra sáfà oní-E5-2680 v2, ó ń ṣe jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀pá mẹ́mọ́rì 16 GB méjì péré ni wọ́n fi sí i, ọ̀nà méjì nínú mẹ́rin sì ṣófo. Mo pààrọ̀ wọn sí 8 GB mẹ́rin. Iye náà kò yí padà, 32 GB ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ mi sì yá.

Ní ti AMD, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Intel díje, Opteron àti EPYC ni prósẹ́sọ̀ sáfà tirẹ̀. Ẹ fi Opteron 6276 sílẹ̀: core 16 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ méjì-méjì ló ń pín ẹ̀yà tó ń ṣírò nọ́ńbà onídẹ́símà lò. EPYC 7001 ti ọdún 2017 ní ọ̀nà mẹ́mọ́rì mẹ́jọ, ṣùgbọ́n èérún (chip) mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀, mẹ́mọ́rì sì pín sí ọ̀dọ̀ wọn. EPYC 7002 ti ọdún 2019 kó ọ̀nà mẹ́mọ́rì jọ sí èérún kan láàárín, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Bí lẹ́tà P bá wà ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀, bíi 7302P, òun nìkan ni yóò dá wà lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn tó ń kọ́ sáfà kan máa ń ti EPYC mọ́ bọ́ọ̀dù tiwọn, tí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ mìíràn láéláé. Inú sáfà ta ni wọ́n ti yọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.