Kẹ́ẹ̀gì omi ni mo fi gba agbára mi padà

Àbúrò, o ní yàrá kan ṣoṣo lo ń gbé, kò sí owó tí o máa san ní jíìmù, àpò sìmẹ́ǹtì tó ti dì gbagidi lẹ́yìn ilé lo wá ń gbé láti oṣù méjì. Apá kò yọ, ẹ̀yìn ló ń ro ọ́. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí o da kọnkéré mọ́ páìpù kí o lè ní irin tìrẹ. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn, torí ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn, mo ti ṣe é rí, ó sì gba ọwọ́ òsì mi lọ́wọ́ mi fún odidi oṣù mẹ́ta.

Ní 2009 ni, ní Ìbàdàn. Ibi búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kọnkéré kò wọ́n wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan mú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì, oní-lítà 20, a bu kọnkéré sí i dé ìdajì, a sì ki páìpù omi bọ̀ ọ́. Ṣọ́bìrì la fi ń bù ú, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kẹta la ti gbé e dìde, inú wa ń dùn ṣìnkìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, mo ń tì í sókè. Ẹ̀ẹ̀keje ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan, kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ́ ìdérí ìgò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún yọ kúrò lẹ́nu páìpù. Kí n tó ké, apá òsì ti re ilẹ̀, ó sì lọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi lọ pẹ̀lú rẹ̀. Eegun kán. Títí di òní, tí ọyẹ́ bá ti mú, ọwọ́ yẹn máa ń sọ fún mi.

Ohun tó fà á kò ju pé páìpù ń dán, kọnkéré kò rí nǹkan kan dì mú. Tí o bá ṣì fẹ́ ṣe é, jẹ́ kí wẹ́dà jó irin róòdù mẹ́ta mẹ́rin mọ́ páìpù ní ìbú, níbi tí kọnkéré máa bò. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin, kí o sì fi ohun kan náà wọ̀n ọ́n fún bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí o sì fi sílẹ̀ kó pé ọjọ́ 28. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oòrùn ló ń mú kọnkéré le, omi ni. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn wọ̀n ọ́n fún ọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 tó bá kún fún kọnkéré á súnmọ́ kílò 48. Ìdajì la bù, mi ò sì mọ̀ pé kílò tó lé ní 20 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè orí mi. Látilẹ̀ ni kí o ti máa gbé e. Má ṣe sùn sábẹ́ rẹ̀ láé.

Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ni mo fẹ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé P.O.P. kúrò, ọwọ́ mi ti rù, mi ò lè fún aṣọ. Kẹ́ẹ̀gì òróró kan wà nílé, oní-lítà 25. Mo bu lítà omi márùn-ún sí i, mo fi máákà dúdú fa ìlà síbi tí omi dé, mo kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni; kò sí òṣùwọ̀n tó rọrùn tó ìyẹn. Mo gbé e lọ́wọ́ òsì, mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, mo sì padà. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń fi lítà kan kún un, mo sì ń fa ìlà mìíràn. Àwọn ìlà náà ń gùn lọ lára kẹ́ẹ̀gì bí àkàbà. Ọ̀sẹ̀ 22 ló gbà kó tó kún dé ẹnu, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni ọrùn ọwọ́ dùn mí tí mi ò fi nǹkan kan kún un.

Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló wá le. Tí o bá fi ọwọ́ kan gbé ẹrù, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ṣiṣẹ́ kí o má bàa tẹ̀. Omi tún ń mì nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń fà ọ́ síwájú, ó ń fà ọ́ sẹ́yìn, ikùn àti ìbàdí ò sì gbọdọ̀ dẹwọ́. Wé àkísà mọ́ ibi ìdìmú, torí ó máa ń gé ọwọ́. Tó bá ti kún, iyanrìn gbígbẹ ló kàn. Fi àrọ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn. Iyanrìn wúwo ju omi lọ: tó bá dé ibi lítà 16, ó ti tó kílò 25, kẹ́ẹ̀gì kíkún á sì tó nǹkan bíi 40. Má kàn fò láti omi kíkún sí iyanrìn kíkún.

Nípa ẹ̀yìn rẹ, pa àpò sìmẹ́ǹtì yẹn tì ná. Kílò 50 ni, ó le bí òkúta, kò ní ìdìmú, mo sì mọ̀ pé ńṣe lò ń tẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀ kí o tó gbé e. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi búlọ́ọ̀kù. Ṣé o mọ bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni: orúnkún rọ̀ díẹ̀, ìdí lọ sẹ́yìn, àyà yọ síta, ẹ̀yìn tẹ́ bí pákó. Ṣe é lófìfo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó fi kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ìrora náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú bí ẹni tó jókòó lé e, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ. Má gbé nǹkan kan títí wọ́n fi wò ó.

Ara rẹ fúnra rẹ̀ náà wúwo tó. Gbé ẹsẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù kí o fi ṣe prẹ́sọ́ọ̀pù, kí o ka oókan dé aárùn-ún bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ogójì tí èèyàn sáré ṣe. Tí o kò bá tíì lè fa ara rẹ sókè lórí ẹ̀ka máńgòrò, fò dé òkè, kí o wá máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí èmi náà ṣe kọ́ fífa ara sókè nìyẹn. Wò ó bóyá ẹ̀ka náà tutù, torí èyí tó ti gbẹ kì í kìlọ̀ kó tó dá. Fún ẹsẹ̀, fi ẹsẹ̀ kan jókòó lórí àpótí, fi ẹsẹ̀ kan náà dìde.

Ọmọ odó wà nílé yín, mo mọ̀. Àwọn oníjàkadì ilẹ̀ Íńdíà máa ń ju òkúta roboto tí wọ́n fi ọ̀pá sí yípo ẹ̀yìn orí, gada ni wọ́n ń pè é. Àwọn náà ló ni baithak, ìyẹn ìlóṣòó, àti dand, tó jọ prẹ́sọ́ọ̀pù. Ohun tí wọ́n mọ Gama, gbajúmọ̀ oníjàkadì wọn, mọ́ nìyẹn, ẹni tí wọ́n bí ní 1878 tó sì kú ní 1960. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán gada, ọmọ odó ìyá mi ni mo lọ gbé. Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú súnmọ́ ibi tó wúwo, yí i gba ẹ̀yìn orí padà síwájú, mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì. Bí èjìká bá ṣe ń le ni kí ọwọ́ máa sún lọ sí ìsàlẹ̀. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, kí ọmọdé má sí nítòsí.

Táyà tírélà tí gbogbo èèyàn ń dojú rẹ̀ dé yẹn, mi ò fọwọ́ sí i fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Túùbù ọ̀kadà láti ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà sàn jù: so ó mọ́ òpó, fà á wá sí àyà. Na ojú rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Tó bá ti ń sán, jù ú nù.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Jẹ ẹ̀wà dáadáa, kí o sì sùn. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, bu lítà mẹ́wàá sí kẹ́ẹ̀gì, fa ìlà, kọ déètì sí i. Lẹ́yìn oṣù kan, padà wá sọ ìlà tí o dé àti bí ẹ̀yìn ṣe rí fún mi, kí n lè mọ èyí tí a máa fi kún un.