Írẹ́lándì láì wa mọ́tò: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní alẹ́ mẹ́fà lẹ máa lò, ẹ̀yin àti màmá yín, ẹ ò fẹ́ háyà mọ́tò, ẹ wá tò ó pé Dublin, Galway, Killarney, Belfast, ẹ ní ṣé ó ṣe é ṣe. Ó ṣe é ṣe, àmọ́ ẹ má dán an wò. Èmi náà to irú ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo rò pé mo gbọ́n, àṣé zíìpù báàgì mi ni nǹkan tí mo máa rí jù ní Írẹ́lándì. Lónìí tú u, lọ́la dì í. Ẹ mú ìlú méjì péré, Dublin àti Galway, alẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa ti ibẹ̀ jáde láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì máa padà wálé sùn.

Belfast lẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìlú tẹ́ ẹ tò, pàápàá tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ fi ń rìn. Abẹ́ ìlú Ọba ni Belfast wà, vísà ìlú Ọba ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, vísà tí Dublin fún yín ò débẹ̀. Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé kò sí bọ́dà, òótọ́ ni, kò sí géètì kankan, ẹ ò ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ kọjá àfi tẹ́ ẹ bá rí i pé pátákó ẹ̀gbẹ́ títì ti kúrò ní kìlómítà, ó ti di máìlì. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá Írẹ́lándì, Garda ni wọ́n ń pè wọ́n, máa ń gorí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ọ̀hún nígbà míì, wọ́n á ní kí kálukú mú pásípọ́ọ̀tù jáde, tí vísà yín bá sì jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ti lò ó tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé. Bó ṣe rí fún àwa tá à ń gbé London náà nìyẹn, ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún wa níbí ò ṣílẹ̀kùn Dublin, àfi ká gba vísà tiwọn lọ́tọ̀. Mo ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú kí n tó mọ̀ o. Owó yẹn wọgbó.

Kò sí réluwé ní éápọ̀ọ̀tù Dublin, bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín wọ ìgboro. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ra Leap Card ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, òun lẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì, tíráàmù tí wọ́n ń pè ní Luas, àti DART tó jẹ́ réluwé etí òkun (ẹ fi DART gbé màmá lọ sí Howth lọ́jọ́ kan, kí wọ́n jẹ ẹja). Nígbà tí mo lọ, yúrò 2 ló ń gbà, ẹ lè bọ́ látinú ọ̀kan sínú òmíì láàárín ìṣẹ́jú 90 láìsan kọ́bọ̀ lé e. Tó bá jẹ́ káàṣì, kóìnì nìkan ni bọ́ọ̀sì ìgboro ń gbà. Tẹ́ ẹ bá sì rí bọ́ọ̀sì yín lókèèrè, ẹ nawọ́ sí i, tẹ́ ẹ bá kàn dúró bí òpó iná, ó máa kọjá lára yín ni. Èmi wo bọ́ọ̀sì mẹ́ta tí wọ́n kọ An Lár sí níwájú kọjá, mo ní ìlú ibo tún ni Lár, àṣé àárín ìgboro ló túmọ̀ sí lédè wọn, ibi tí mò ń lọ gan-an! Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà ńbẹ̀: níbi tí wọn ò bá ti kọ Òyìnbó sí i, Mná ni ti obìnrin, Fir ni ti ọkùnrin. Ẹ sọ fún màmá pé M dúró fún màmá, wọn ò ní gbàgbé.

Réluwé Galway, ibùdó Heuston ló ti ń gbéra, kì í ṣe Connolly, ó tó wákàtí méjì ààbọ̀. Láti Galway lẹ máa lọ sí Cliffs of Moher, ibi tí mo ti jìyà nìyẹn. Òkúta ni, ó dúró bí ògiri lórí òkun, ó ga tó mítà 214 níbi tó ga jù. Bọ́ọ̀sì 350 ń lọ síbẹ̀, ó ń gba Doolin. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo lọ, ìlà Mọ́ndè sí Fúráìdeè ni mo sì kà lórí tááìmùtébù, ẹ̀bi mi ni. Atẹ́gùn yí agboòrùn mi sódì, òjò ò ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wọ̀ mí létí, mo jókòó sí bọ́stọ́ọ̀pù mò ń retí bọ́ọ̀sì tí ò sí, mọ́tò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí páàkì fi ku èmi àti ẹyẹ. Ọmọbìnrin kan tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ló bá mi pe tásì láti Ennistymon, ó gbé mi dé Ennis, ibẹ̀ ni mo ti rí réluwé padà sí Galway. Ẹ má bèèrè iye tí mo san.

Látìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì tó máa gbé mi padà ni mo kọ́kọ́ ń wò, èyí tó ń gbé mi lọ kò ní wàhálà. Ti Sọ́ńdè yàtọ̀, ti ọjọ́ ọlidé yàtọ̀, nígbà òtútù ó tún máa ń dín kù. Torí màmá, ẹ kúkú sanwó ọkọ̀ afẹ́ tó ń gbé èèyàn láti Galway láàárọ̀ tó ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa dà mí bí àgùntàn, àmọ́ ó sàn ju bọ́stọ́ọ̀pù yẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí erékùṣù Inis Mór, ọkọ̀ ojú omi wà ní Rossaveel, bọ́ọ̀sì ń gbé èèyàn lọ bá a láti Galway, kẹ̀kẹ́ làwọn ọ̀dọ́ ń háyà níbẹ̀, ti màmá, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Dún Aonghasa, ìyẹn odi àtijọ́ tó wà lórí òkè ní erékùṣù náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ibi tó kù débẹ̀, òkúta gbágungbàgun sì ni, ẹ wo orúnkún wọn kẹ́ ẹ tó lọ. Killarney dáa, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà míì. Rénkóòtù ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi agboòrùn sílé. Ṣájà yín bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn mu, oníẹsẹ̀ mẹ́ta bíi tilé.

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dínwó, wọ́n á sì kọ orúkọ yín sí ojú gíláàsì kékeré lókè àga yín. Nígbà tí mo dé ìdí tèmi, Oluwafunmilayo ń tàn lókè, ìyá àgbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ti gbójú sókè ó ń sípẹ́lì ẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo ni gbogbo èyí, mo ní èmi ni. Ó ń gbìyànjú láti pè é títí a fi dé Athlone.