Ṣé kí òbí jókòó nínú yàrá nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ ní dùùrù?

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa jókòó ti ọmọ yín ọmọ ọdún mẹ́fà níbi ẹ̀kọ́ dùùrù rẹ̀, tàbí kí ẹ kàn fi í sílẹ̀ fún olùkọ́, ẹ sì ní ó máa ń sunkún nílé bí ẹ bá ní kí ó fi ohun tí ó kọ́ dánra wò. Ọmọ méjì ni mo ti bá jókòó sídìí dùùrù láti kékeré wọn. Èsì mi ni pé kí ẹ jókòó tì í.

Ìdajì wákàtí tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni olùkọ́ fi ń rí ọmọ lọ́sẹ̀. Ilé ló ni gbogbo ọjọ́ tó kù. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní rántí lọ́jọ́ kẹta pé ìka àárín ni olùkọ́ ní kí òun lò níbẹ̀, pé kì í ṣe ìfábẹ̀lá, èyí tí ó bá sì ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò mọ́ ọn lọ́wọ́. Olùkọ́ àkọ́kọ́ tí àkọ́bí mi ní kì í fẹ́ rí òbí nínú yàrá. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń bá bọ̀ wálé ni, “Wọ́n ní kí n ṣe é dáadáa.” Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń rì sísàlẹ̀ ojú dùùrù ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa. Ó pẹ́ gan-an kí àṣà náà tó fi í sílẹ̀, ẹkún sì pọ̀ níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ olùkọ́ tí a lọ bá lẹ́yìn náà, mo máa ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, n kì í sì í sọ̀rọ̀. Ohun kan tí ó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ: “Ọwọ́ òsì nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí ọmọńdinrín má ṣe wó.” Bí a bá délé, màá kọ́kọ́ wo ìjókòó rẹ̀: kí ìgbọ̀nwọ́ bá ojú dùùrù dọ́gba, kí ẹsẹ̀ sì wà lórí àpótí ìtìsẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì kò lè jókòó ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni màá bi í pé, “Kí ni olùkọ́ ní ká máa wò?” Yóò bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀, yóò rí i pé oríkèé ọmọńdinrín ti tẹ̀ wọnú, yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìbéèrè yẹn wúlò ju kí n máa pàṣẹ lọ.

Shinichi Suzuki, ará Japan tí a bí lọ́dún 1898, tilẹ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ fáólìn rẹ̀ lé òbí lórí gan-an: òbí yóò kọ́kọ́ kọ́ ohun èlò náà díẹ̀, yóò wá síbi ẹ̀kọ́ ọmọ, yóò sì bá a ṣe ìdánrawò nílé. Èmi náà kọ́ àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ó ti ṣòro tó láti mú kí ọwọ́ méjèèjì ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sùúrù mi sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di olùkọ́ kejì, pàápàá bí ẹ bá gbọ́ orin dáadáa. Bí ohun kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá olùkọ́ sọ ọ́ níbi tí ọmọ kò ti ní gbọ́.

Ní ti ẹkún, n kò gbà pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà. Iṣẹ́ tí a gbé síwájú rẹ̀ ló sábà máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ dín in kù sí ọwọ́ kan àti ìlà orin méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ sàn ju ìdajì wákàtí omijé lọ. Ẹ má sì fi dùùrù jẹ ẹ́ níyà láé.

Àkọ́bí mi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó ń ka ìwé kékeré náà fúnra rẹ̀, mo sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bọ́ sí yàrá kejì. Àbúrò rẹ̀ tètè fẹ́ dá wà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbà fún un.

Bí olùkọ́ yín kò bá fẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú yín ni ọmọ ń wò dípò ojú dùùrù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì kọ̀ délẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó pè yín wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, kí ọmọ fi ohun tí ẹ óò jọ ṣe lọ́sẹ̀ náà hàn yín níṣojú rẹ̀.