Má tíì fún un ní commit access

Àbúrò mi ní Kubwa, o ní ẹnì kan tó o ò fojú rí rí ti ń fi àtúnṣe gidi ránṣẹ́ sí project software rẹ láti ọdún tó kọjá, pé ọmọ Ọ̀fà ni, pé ó wá ń bèèrè commit access, ìyẹn àṣẹ láti máa yí code rẹ padà fúnra rẹ̀. Má tíì fún un. Kó máa fi pull request ránṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é bọ̀, ìyẹn àtúnṣe tí wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó o tó gbà á wọlé.

Ojú mi rí nǹkan. Iléeṣẹ́ kan ní Wuse tó ń lo software wa ló gbé ọ̀gá expert kan dé, tó wọ kóòtù nínú oòrùn Abuja. Ó ní dandan ni kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ òun ní àṣẹ kíkún. Mo ní rárá. Ẹni tá a jọ ń bójú tó software náà ti rí owó, ó gbà. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi force-push, ìyẹn fífi tipátipá kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, pa main rẹ́, ìyẹn ẹ̀ka code wa gangan. Iná ò sí, hotspot fóònù ni mo fi ń wá ẹni tí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà ní Kàdúná ò pé, ẹni tó wà ní Jos ti ta kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ̀kan he, mo tún ní láti máa ka commit (àyípadà tí wọ́n ṣe sí code) lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ta ló mọ ohun tí wọ́n ti kì bọ̀ ọ́? Ọ̀gá expert ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó tún fi ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́ o!

Ṣé o rántí xz, software tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré? Ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan ṣe dáadáa fún bí ọdún méjì, àwọn orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ sì ń fúngun mọ́ Lasse Collin tó ń bójú tó xz pé kó gba ẹlòmíì mọ́ra. Ẹ̀yìn èyí ló ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, bọ ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund tó tú u fó lóṣù kẹta 2024 kì í ṣe expert ààbò. SSH, ohun tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, tó ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀ ló mú un fura.

Ti branch protection, ètò tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé yí main padà, o mọ̀ ọ́n. Token (kọ́kọ́rọ́ ìwọlé) npm tàbí PyPI, àwọn ibi tá a ń gbé software sí fáráyé, ni kó o fi pa mọ́ ju main lọ, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń gba ẹ̀dà tí wọ́n ń lò. Má sì fi SMS ṣe 2FA, ìyẹn ẹ̀rí kejì tí wọ́n ń bèèrè lẹ́yìn password; bí SIM bá sọnù, ó parí. Tẹ recovery code, ìyẹn kóòdù tó máa jẹ́ kó o lè wọlé bí ọ̀nà yòókù bá kọ̀, sórí ìwé.

Ọmọ Ọ̀fà yẹn ńkọ́? Ta ló sọ fún ọ pé Ọ̀fà ló ti wá, àbí òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀?