Èsì: Ṣé Devlin fẹ́ràn Alicia lóòótọ́ nínú fíìmù Notorious?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bí Devlin, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, bá fẹ́ràn Alicia, obìnrin tó gbà síṣẹ́ amí, kí ló dé tó fi jẹ́ kó lọ fẹ́ Sebastian, ọkùnrin tí wọ́n ní kó ṣe amí lé lórí? Lójú tèmi, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìgbéraga ló dí i lẹ́nu. Ẹ padà wo ibi tí Alicia ti wá sọ fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ amí wọn ní Rio, ní Brazil, pé Sebastian fẹ́ fi òun ṣe aya. Ó ń retí kí Devlin sọ pé "rárá". Devlin náà ń retí kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Oríkunkun gbáà!

Yuréníọ̀mù (ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì) tí wọ́n fi pamọ́ sínú ìgò wáìnì ni àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa fíìmù 1946 yìí, àmọ́ Hitchcock, olùdarí fíìmù náà, kàn fi ìyẹn kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni. Sebastian tí Claude Rains ṣe ló tilẹ̀ ṣe mí láàánú jù: Násì ni o, síbẹ̀ kò fi ìfẹ́ tirẹ̀ bò rárá. Ní ti Devlin, ìgbà tí májèlé tí Sebastian àti ìyá rẹ̀ fi sínú kọfí ti fẹ́ pa Alicia tán ló tó lanu.