Awakọ̀ ní kí n máa lọ: ṣé ọrùn mi ti mọ́?

Ìbéèrè: Àsàláàmù àlékùm, Àfáà wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń fi ọkọ̀ mi rìn sẹ́yìn ní Tákíè, mo bá lọ kọlu takisí kan tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bọ́ńpà rẹ̀ sán, iná ẹ̀yìn kan sì fọ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn èèyàn bá mi bẹ awakọ̀ náà, mo fún un ní 5,000 náírà, ó ní kí n máa lọ. Mo ní ìnṣọ́ránsì, àmọ́ àwa méjèèjì ò fẹ́ wàhálà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé awakọ̀ náà kọ́ ló ni ọkọ̀, dílífà (owó tí awakọ̀ ń kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́) ló ń san fún ọlọ́kọ̀, àti pé iye tí wọ́n máa fi tún un ṣe ju owó tí mo fi sílẹ̀ lọ dáadáa. Ṣé ọrùn mi ti mọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Ìdáhùn: Wà àlékùm sàláàmù. Arákùnrin mi, ọrùn yín kò tíì mọ́.

Pé ẹ parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara yín láì kan ìnṣọ́ránsì, ìyẹn ò léèwọ̀. Súlúhù ni, ìyẹn ìlàjà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ pé súlúhù tọ́ láàárín àwọn Mùsùlùmí, àyàfi èyí tó bá sọ hàráámù di hàlálì tàbí tó sọ hàlálì di hàráámù. Lóòótọ́, òfin Nàìjíríà pọn ìnṣọ́ránsì ‘third party’, èyí tó ń sanwó nǹkan ẹlòmíràn tí ọkọ̀ ẹni bá bà jẹ́, ní dandan. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló san owó àtúnṣe o, bí ẹ̀yin ni o, ọrùn yín ni gbèsè náà wà títí ẹni tó ni nǹkan yóò fi rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ kọlù ú, nítorí náà a ò ní sọ pé ẹ dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó nǹkan tó bàjẹ́ yàtọ̀. Bukhari, onímọ̀ tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbà á wá pé Ànábì wà nílé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mìíràn fi abọ́ gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Owú mú ìyàwó tó wà nílé, ó gbá ọwọ́ ìránṣẹ́, abọ́ já bọ́, ó fọ́. Ànábì ṣa oúnjẹ náà nílẹ̀, ó ní owú ló mú ìyá yín (ìyẹn ìyàwó rẹ̀ tó wà nílé). Kò bú u. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà lọ títí wọ́n fi gbé abọ́ tó pé wá láti ilé ìyàwó tó fọ́ ọ. Èyí tó pé ló fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fọ́ tirẹ̀, ó sì fi àfọ́kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an tí mo bá ń gbọ́ kí ẹni tó kọlu ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ máa sọ pé “kádàrá ni, ẹ fi í fún Ọlọ́hun.” Ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ yẹn ò lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ń fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ tún bọ́ńpà ṣe báyìí, kí ọlọ́kọ̀ má baà gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀bẹ̀ yẹn dáadáa. Tí àgbààgbà bá pé lé èèyàn lórí ní gbangba, ojú yóò tì í láti kọ̀. Ànábì sì sọ pé dúkìá Mùsùlùmí kò tọ́ fún ẹlòmíràn àfi pẹ̀lú ìyọ́nú ọkàn rẹ̀.

Ẹ wá awakọ̀ náà rí, kí ó mú yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ páńẹ́lì bítà àti rẹwáyà, kí ẹ gbọ́ iye rẹ̀ létí ara yín, kí ẹ yọ 5,000 náírà kúrò tó bá ṣì wà fún àtúnṣe, kí ẹ san ìyókù. Tí tòkunbọ̀ bá ni bọ́ńpà àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ ni ẹ jẹ wọ́n. Ọlọ́kọ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èyí gba tuntun lọ́wọ́ yín. Bí ọkọ̀ bá ní láti dúró sọ́dọ̀ oníṣẹ́, àwọn onímọ̀ ò fohùn ṣọ̀kan lórí owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Èmi máa fẹ́ kí ẹ fún awakọ̀ ní nǹkan, torí dílífà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tí owó ò bá sí lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́, kí ẹ kọ iye àti ọjọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Súrà Bákárà, àyá 280, pàṣẹ pé kí wọ́n lọ́ra fún ajigbèsè tí nǹkan nira fún. Tí ọlọ́kọ̀ bá gbọ́ iye rẹ̀, tó sì fi tọkàntọkàn ní òun fi jì yín, ìgbà yẹn ni ọrùn yín mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀; kó wá ku ohun tí awakọ̀ bá ti ná lápò ara rẹ̀, kí ẹ dá ìyẹn padà fún un. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.